Bàìbàì: Ohun tí Ìmọ́lẹ̀ Là Kọjá, tí Ojú Kò Rí Kọjá

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá lónìí. Kí ni Yorùbá ń pe ohun tí kò mọ́ gaara bí omi inú ife, tí kò sì dí pa bí ògiri?

Ẹ wo ọ̀rá funfun tí wọ́n fi ń kó ọjà fún wa. Ẹ wo gíláàsì fèrèsé balùwẹ̀, èyí tí ojú rẹ̀ rí gbágungbàgun. Ẹ wo bébà tí wọ́n fi wé àkàrà, lẹ́yìn tí òróró ti mu ún dáadáa. Ìmọ́lẹ̀ ń gba inú wọn kọjá, ìyẹn ò lẹ́jọ́ nínú. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá dúró sí òdìkejì, ẹ ó mọ̀ pé ènìyàn ló wà níbẹ̀, ẹ ò kàn ní lè sọ bóyá ọ̀rẹ́ yín ni tàbí ẹni tí ẹ jẹ ní gbèsè.

Ní ilé ìwé, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ wa: transparent, translucent, opaque. A há a sórí, a kọ ọ́ sínú ìdánwò, ó parí. Èyí àkọ́kọ́ kò le láti sọ ní Yorùbá, torí gbogbo wa la mọ ohun tí "ó mọ́ gaara" jẹ́. Èyí ìkẹyìn náà kò le, ohun tó bá dínà mọ́ ìmọ́lẹ̀ ti dínà náà nìyẹn. Èyí àárín ló ń fún àwọn ènìyàn ní wàhálà.

Físíìsì ni mò ń kà fún oyè másítà, orí ìmọ́lẹ̀ sì ni iṣẹ́ ìwádìí mi dá lé. Nígbà tí mo lọ sílé ní Ìlọràá, mo mú ọ̀rá funfun kan, mo ń fi han àwọn ará ilé. Mo tún gbé e dé Fìdítì, mo fi han àwọn ìyá tó ń ta ọsàn lẹ́bàá títì Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Mo ní kí wọ́n sọ fún mi bó ṣe rí. Àwọn kan ní ó fẹ́lẹ́. Àwọn kan ní inú rẹ̀ hàn díẹ̀. Ìyá kan wo ọ̀rá náà, ó wá wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ó ń hàn bàìbàì ni. Ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ yín ní yunifásítì nìyí, ọmọ mi?"

Ẹ má dá Màmá lóhùn. Ìdáhùn wọn ló péye jù nínú gbogbo ohun tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Fẹ́lẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń mú, torí aṣọ ni wọ́n ń rò. Aṣọ fẹ́lẹ́ sábà máa ń fi ara hàn, àwọn ìyá wa kì í sì í fẹ́ ká wọ̀ ọ́ jáde láìwọ ṣímí sí abẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí nǹkan ṣe nípọn sí ni fẹ́lẹ́ ń sọ. Kò sọ nǹkan kan nípa ìmọ́lẹ̀. Ẹ mú fọ́ìlì tí wọ́n fi ń wé ẹja níbi ayẹyẹ. Ó fẹ́lẹ́ ju bébà inú ìwé ìkọ̀wé lọ fíìfíì. Ẹ gbé e sókè sí oòrùn: òkùnkùn biribiri, ìmọ́lẹ̀ kankan ò gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ wá gbé áísì bulọ́ọ̀kù tó nípọn ju bíríkì lọ sókè sí oòrùn kan náà, yóò mọ́lẹ̀ yòò. Etí áísì yẹn tilẹ̀ lè mọ́ gaara, kí àárín rẹ̀ wá funfun. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú omi ló fà á. Etí ló kọ́kọ́ ń dì, ó ń ti afẹ́fẹ́ náà sínú díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi há sí àárín gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìhó wẹ́wẹ́. Omi kan náà ni, ibì kan mọ́ gaara, ibì kan ṣe bàìbàì. Nípọn tàbí fẹ́lẹ́ kò bá a dé ibẹ̀.

Fìrí náà kò ní ṣe é. Bí mo bá ní mo rí ẹ fìrí, ohun tí mò ń sọ ni pé ó yá kíá, o kọjá lọ. Ọ̀rọ̀ àkókò nìyẹn.

Bàìbàì ló kù. Ó ní ìṣòro tirẹ̀, torí ohun méjì la ń lò ó fún. Bí kẹrosíìnì bá ń tán lọ, a ó ní àtùpà ń jó bàìbàì. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ló kéré. Ṣùgbọ́n bí kùrukùru ọyẹ́ bá bolẹ̀ láàárọ̀ oṣù kìíní, tí eruku tó tàn wá láti aṣálẹ̀ Bódélé ní orílẹ̀-èdè Chad gba ojú ọ̀run wa, a ó ní iwájú ń hàn bàìbàì. Ilẹ̀ ti mọ́ o! Ojú ọ̀run funfun báláú, ó tilẹ̀ ń ta sí ojú. Ìmọ́lẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Àwòrán ló sọnù. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ ìṣe tó ṣáájú rẹ̀: *jó* bàìbàì, *hàn* bàìbàì. Èdè wa ti ya méjèèjì sọ́tọ̀, àwa la ò fiyè sí i.

Èyí kejì yẹn gan-an ni físíìsì ń wá. Ohun tó mú ọ̀rá funfun yàtọ̀ sí gíláàsì kì í ṣe pé ó ń gba ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ láàyè. Ó lè gba èyí tó pọ̀ láàyè. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń da ìmọ́lẹ̀ náà rú kó tó jáde.

Ẹ dán an wò báyìí, kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ mú ìwé tí ẹ lè kà, ẹ tẹ́ ọ̀rá funfun kan lé e lórí kó lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Ẹ ó rí i pé ẹ ṣì lè ka ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ wá gbé ọ̀rá náà sókè díẹ̀díẹ̀ kúrò lórí ìwé, títí yóò fi tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10. Àwọn lẹ́tà á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, wọ́n á dà pọ̀ mọ́ra, wọ́n á pòórá. Ọ̀rá ò yí padà. Kò nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ara lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bọ̀ ń ya sọ́tùn-ún sósì nígbà tó bá wọ inú ọ̀rá. Nígbà tí ọ̀rá lẹ̀ mọ́ ìwé, kò tíì rí àyè yà jìnnà. Nígbà tí ẹ gbé e sókè, ìmọ́lẹ̀ lẹ́tà kan ti bọ́ sí àyè lẹ́tà kejì.

Kí ló ń yà á? Ẹ rò ó bí ọ̀kadà tó ń sáré lórí ọ̀dà. Bí ó bá fi ẹ̀gbẹ́ bọ́ sínú yanrìn, táyà iwájú ló kọ́kọ́ wọ yanrìn, eré á dín kù lójijì, ọ̀kadà á sì yà bàrá. Ìmọ́lẹ̀ náà kì í sá eré kan náà níbi gbogbo. Ìrìn tó bá jẹ́ 133 nínú afẹ́fẹ́, 100 péré ni yóò lè rìn nínú omi láàárín àkókò kan náà. Tí a bá fi òróró ṣe é, 147 nínú afẹ́fẹ́ ló bá 100 nínú òróró mu. Gíláàsì ń lọ sí nǹkan bí 150. Gbogbo ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá kúrò nínú ohun kan bọ́ sínú òmíràn tí eré wọn yàtọ̀, ó ń yà, díẹ̀ nínú rẹ̀ a sì ta padà.

Ó ti wá yé yín ohun tó ń ṣe bébà àkàrà. Okùn wẹ́wẹ́ láti ara igi ni bébà, afẹ́fẹ́ ló sì wà láàárín àwọn okùn náà. Ìmọ́lẹ̀ wọ okùn, ó bọ́ sí afẹ́fẹ́, ó tún wọ okùn, ó tún bọ́ sí afẹ́fẹ́, ó ń yà níbi gbogbo, títí kò fi mọ ọ̀nà mọ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí bébà fi funfun. Nígbà tí òróró àkàrà bá wọ inú rẹ̀, ó lé afẹ́fẹ́ kúrò, ó gba àyè rẹ̀. Eré ìmọ́lẹ̀ nínú òróró àti nínú okùn bébà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ọ̀kadà kúrò lórí ọ̀dà, ó bọ́ sórí ọ̀dà mìíràn. Kò sí ìdí láti yà mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó ṣe máa rí ìka yín láti òdìkejì bébà. Ṣé ẹ rí i? A fi nǹkan kún un, ó wá hàn sí i.

Ohun kan náà ni sẹ́lótéèpù ń ṣe fún gíláàsì balùwẹ̀. Bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú tó rí gbágungbàgun yẹn, tí gbágungbàgun náà sì jẹ́ èyí tó kéré, gọ́ọ̀mù ara rẹ̀ á dí àwọn kòtò wẹ́wẹ́, ibẹ̀ á sì mọ́ gaara. Balùwẹ̀ tiyín ni kí ẹ ti dán an wò o, kì í ṣe ti aládùúgbò.

Òróró àgbọn náà wà níbẹ̀. Nígbà ooru ó mọ́ kedere nínú ìgò. Nígbà ọyẹ́ ó dì, ó funfun. Kò sẹ́ni tó bu nǹkan kan sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn mí gan-an ni mo fẹ́ bọ́ sí wàyí. Ìyá tó bí bàbá mi ta ọsàn fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Fìdítì. Ní nǹkan bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé owó oníbàárà sún mọ́ imú kí wọ́n tó gbà á. Àwọn ará ilé ní ọjọ́ orí ni. Wọ́n ní kí wọ́n máa tan iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa sí yàrá wọn. Iná dé, kò yí nǹkan padà. Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ojú mi ń ṣe bàìbàì. Kì í ṣe pé ilẹ̀ ṣú o. Ìmọ́lẹ̀ ń wọlé. Àfi bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀rá bò mí lójú. Iná mọ́tò kan ṣoṣo, yóò fọ́n ká bí ìgbálẹ̀ tó tú."

Ẹ tún ọ̀rọ̀ yẹn kà. Màmá ò ka ìwé mẹ́fà, ṣùgbọ́n wọ́n ya àtùpà tó ń jó bàìbàì sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó ń hàn bàìbàì. Iná tó mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kò lè tún un ṣe, bí iná mọ́tò ńlá kò ṣe lè tún kùrukùru ṣe. Ó tilẹ̀ ń dá kún un ni.

Bàbá wa kékeré sọ pé awọ funfun kan ló ti bo ojú Màmá, pé ọkùnrin kan wà tó ń lọ láti ìlú dé ìlú, abẹ́rẹ́ ló fi ń ká awọ náà kúrò, ojú ẹsẹ̀ ni ẹni náà ń ríran. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gba ọ̀rọ̀ awọ yìí gbọ́. Ohun tó jẹ́ kí n bá wọn jiyàn ni pé kò sí awọ kankan níbẹ̀.

Ọmọlójú, ibi dúdú kékeré tó wà láàárín ojú, ihò ni. Ó dúdú nítorí pé inú yàrá tó ṣókùnkùn ló ṣí sí. Lẹ́yìn ihò yẹn gan-an ni lẹ́ńsì wà. Kò ju ẹ̀wà kan lọ, ó rí pẹlẹbẹ díẹ̀, ó sì yẹ kó mọ́ gaara. Ẹ̀yà ara àrà ọ̀tọ̀ ni. Kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan nínú. Púrótéènì ló kún inú rẹ̀, wọ́n tò pẹ́kípẹ́kí débi pé ìmọ́lẹ̀ kò rí ibi yà sí. Èyí tó wà láàárín gbùngbùn rẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí wa, ara kì í sì í pààrọ̀ rẹ̀. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ìtànṣán oòrùn, àtọ̀gbẹ, sìgá, tàbí òògùn ojú tó ní steroid tí ènìyàn kàn ń dédé rà ní kẹ́mísì láìsí àṣẹ dókítà, ń mú kí púrótéènì náà bàjẹ́. Wọ́n á dì mọ́ ara wọn, wọ́n á di kókó. Nígbà tí àwọn kókó náà bá tóbi tó láti da ìmọ́lẹ̀ rú, lẹ́ńsì ti di ọ̀rá funfun nìyẹn. Ohun tí àwọn dókítà ń pè ní cataract nìyẹn.

Mo bọ́ sí ilé ìdáná, mo pe Bàbá wa kékeré, mo fọ́ ẹyin adìyẹ sínú páànù tó gbóná. Omi ẹyin tó mọ́ gaara, tí a ń rí ìdí páànù gba inú rẹ̀, ó ṣe bàìbàì díẹ̀, ó sì funfun. Púrótéènì ni òun náà, wọ́n dì mọ́ ara wọn ni. Mo ní, "Bàbá, awọ wo ló bò ó?" Wọ́n ò dáhùn. Mo ní kí wọ́n bá mi wá omi àgbo, omi ṣúgà tàbí omi ọmú tí a lè kán sí ẹyin dídín yìí kó lè mọ́ gaara padà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jẹ ẹyin náà. Yorùbá ló kúkú pè é ní ẹyinjú, kì í ṣe èmi.

Ohun tí ọkùnrin alábẹ́rẹ́ yẹn ń ṣe, iṣẹ́ àtijọ́ ni, wọ́n sì ti ṣe é ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ láyé. Kò yọ nǹkan kan kúrò. Ńṣe ló ń ti lẹ́ńsì tó funfun náà ṣubú sẹ́yìn, sínú ojú níbẹ̀. Ihò ọmọlójú á ṣí, ìmọ́lẹ̀ á rọ́ wọlé, aláìsàn á kígbe pé òun rí ọwọ́ òun, owó á sì yí ọwọ́ padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tí ojú bá gbọgbẹ́ tàbí tí omi inú rẹ̀ bá ń ga lágbára, alábẹ́rẹ́ ti dé ìlú mìíràn. Ìwádìí ńlá kan wáyé ní gbogbo Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007 lórí àwọn tó ti pé 40 ọdún sókè. Nínú gbogbo 100 wọn, nǹkan bí 4 ló fọ́jú, cataract ló sì fa 43 nínú 100 ìfọ́jú náà. Nínú àwọn ojú tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ lé lórí nítorí cataract, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ àtijọ́ yìí ni wọ́n fi ṣe é. Ìyẹn ń bí mi nínú, torí èyí tó pọ̀ jù nínú ojú tí cataract fọ́ ló ṣeé là.

Bí wọ́n ṣe ń là á náà tún jẹ mọ́ ohun tó mọ́ gaara. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, dókítà ojú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Harold Ridley, ṣàkíyèsí àwọn awakọ̀ òfuurufú tí èérún ike láti ara fèrèsé ọkọ̀ wọn wọ̀ lójú. Ojú wọn ò kọ ike náà, kò fà á kó wú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1949, ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fi lẹ́ńsì tí wọ́n fi irú ike bẹ́ẹ̀ ṣe sínú ojú ènìyàn fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ta kò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lónìí, ohun tí wọ́n ń ṣe káàkiri ayé nìyẹn: wọ́n á yọ lẹ́ńsì tó ti funfun, wọ́n á fi ike tó mọ́ gaara rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ náà kì í sábà tó wákàtí kan.

Wọ́n ṣe ti Màmá. Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, kì í ṣe ojú wa ni wọ́n kọ́kọ́ wò. Àdìrẹ tó wà lára wọn ni. Wọ́n ní, "Àṣé aró rẹ̀ ṣì dúdú tó báyìí?" Lẹ́ńsì tó ń darúgbó máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ kó tó funfun, ó sì ń gbé àwọ̀ aró mì. Ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ yìí fún ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn.

Fún èmi, "ahàn-bàìbàì" ni mo ti ń kọ sínú ìwé mi báyìí fún ohun tó wà láàárín. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù ú lọ kó mú un wá.

Ohun méjì ló kù tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Gbogbo ojú tó ń ṣe bàìbàì kọ́ ni cataract. Glaucoma ń fọ́ ojú láìjẹ́ kí ọmọlójú funfun, ohun tó bá sì mú lọ kì í padà, nítorí náà ẹni tó yẹ kó yẹ ojú wò ni dókítà ojú, kì í ṣe èmi àti ẹyin mi. Èkejì kan ẹ̀yin tí ẹ ń ya ọmọdé ní fọ́tò pẹ̀lú fóònù. Bí fíláàṣì bá tàn, tí ọmọlójú kan pọ́n, tí èkejì sì funfun, tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ju ìgbà kan lọ, ẹ gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn ojú ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Ó lè jẹ́ cataract tí wọ́n bí mọ́ ọn. Ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ inú ojú, èyí tí ó ṣeé wò bí wọ́n bá tètè rí i.